Ìgbà Òtútù Tí A Wà ní Kám̀pù

Kì í ṣe aago ló máa ń jí mi láàárọ̀ ní ọdún yẹn, ìró kúbùsù ni. Òtútù á ti lẹ kúbùsù mọ́ ògiri kí ilẹ̀ tó mọ́, Mọ́mì á sì máa rọra ṣí i kúrò díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ṣí ewé lára mọ́ínmọ́ín, kó má baà ya. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ẹyẹ òkun á bà sórí òrùlé, èékánná wọn á máa ha páànù, wọ́n á sì máa ké bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Tọ́bí, àbúrò mi ọkùnrin, á fa fìlà bojú, á ní kí ẹnì kan jọ̀ọ́ sọ fún wọn kí wọ́n wá iṣẹ́ ṣe. Ọkọ̀ ojú irin á wá dún lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń kó àwọn ará Balbriggan lọ sí ìgboro Dublin, èmi á sì mọ̀ pé ó tó àkókò láti bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, nítorí bẹ́ẹ̀dì mi náà ni tábìlì ìjẹun, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Bí mo bá fi falẹ̀, Mọ́mì á ní orí mi lòun máa gbé ẹ̀kọ kà.

Inú ilé onítáyà là ń gbé, èyí tí wọ́n ń pè ní káráfáànù, irú èyí tí àwọn Òyìnbó ń fà tẹ̀lé mọ́tò lọ gbafẹ́ létí òkun nígbà ooru. Àgbàlá Mìsís Nóra ní Rush, ìlú kékeré kan létí òkun, ló wà, lẹ́yìn àwọn ilé onídígí tí wọ́n ti ń gbin tòmátì, ó kọjú sí oko kábéèjì àti àlùbọ́sà eléwé. Mọ́mì ló tọ́jú ọkọ Mìsís Nóra nígbà àìsàn rẹ̀ títí bàbá náà fi dákẹ́, àwọn obìnrin méjèèjì sì ti di ọ̀rẹ́ láti ìgbà náà. Nígbà tí onílé wa ní Coolock, nínú ìgboro Dublin, ní òun fẹ́ ta ilé òun, tí ilé tí wọ́n ṣèlérí fún wa ní Balbriggan kò sì tíì ṣófo, Mìsís Nóra ní òun ìbá gbà wá sínú ilé òun gan-an, ṣùgbọ́n ọmọ òun àti ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn ti kó padà sọ́dọ̀ òun, kò sí àyè ẹsẹ̀ mọ́. Ó ní ká máa lo balùwẹ̀ òun, ká sì gba káráfáànù tí ọkọ òun fi sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni gbogbo wa pè é. Bí a ṣe ń retí Balbriggan ni ìgbà òtútù bá wa níbẹ̀, irú èyí tí àwọn ará Rush fúnra wọn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo ti ń san owó ilé tèmi báyìí, mo sì mọ bí àyà ṣe ń já nígbà tí onílé bá pe èèyàn láìròtẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú mi nígbà yẹn, ilé tó ní táyà sàn ju ilé tí kò ní lọ, nítorí pé ó lè sá bí nǹkan bá ń lé e.

Iṣẹ́ wa kò lópin. Ẹ̀rọ omi àgbàlá máa ń dì, nítorí náà èmi àti Tọ́bí la máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ pọn omi ní kíṣìnnì Mìsís Nóra, a ó sì máa rìn bí ìjàpá bọ̀ lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀. Iṣẹ́ Dádì ni ike ìgbọ̀nsẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a sọ̀rọ̀ títí tó fi máa gbé e dé. Èmi ló ni fèrèsé. Èémí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń di omi lára dígí, omi náà á sì di yìnyín mọ́jú, màá wá fi ṣíbí ha á, màá fi aṣọ nù ún. Mo ráhùn lọ́jọ́ kan pé ó sú mi. Mọ́mì ní èémí wa náà ni mò ń nù yẹn, pé kí n dúpẹ́ pé ó wà níbẹ̀ láti nù. Epo pupa ti sùn fọnfọn nínú ìgò láti oṣù tó kọjá. Abẹ́ irọ̀rí Dádì ni wọ́n máa ń fi sí kó lè yọ́, bí Mọ́mì bá sì fẹ́ se ẹ̀fọ́, yóò ní kí ọkọ òun jọ̀ọ́ gbé orí kúrò lórí ọbẹ̀. Ewé kábéèjì ni ẹ̀fọ́ ọ̀hún, èyí tí Mìsís Nóra máa ń kó sẹ́nu ọ̀nà wa láìkanlẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń ro ẹ̀bà nítorí pé ìkòkò kéré. Àwọn ọmọdé ló ń jẹ àkọ́rò, èyí tí Dádì ń pè ní ìwà ìbàjẹ́.

Ìyá Dádì, Ìyá Àgbà, máa ń pè wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ohun kan náà ló máa ń bèèrè. Á ní, “Ṣé ọyẹ́ yín ti ń lọ?” Kò sí ẹni tó lè mú kó yé e pé òtútù ibí kì í ṣe ọyẹ́, nítorí kò gbà. Á ní ká fi òrí pa àtẹ́lẹsẹ̀, ká wọ ìbọ̀sẹ̀ lé e, pé òun kò tíì rí ọyẹ́ tó wá tí kò lọ. Dádì ti sọ fún un pé ilé kékeré kan létí òkun la kó sí. Mọ́mì wò ó nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì wo òrùlé tó súnmọ́ ọn lórí. Oyún Mọ́mì ti ń tóbi nígbà náà. Tó bá fẹ́ kọjá láàrin sítóòfù àti ilẹ̀kùn, àwa yòókù gbọ́dọ̀ jókòó.

Ohun kan wà tí mo ṣàkíyèsí tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni fún ìgbà díẹ̀. Ní Coolock, bí Dádì bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì lóru, ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bọ́ bàtà, á wá fi ohùn ńlá kí wa pé, “Ẹ kú ilé o.” Àwa náà á pariwo pé, “Ẹ káàbọ̀, sà.” Gẹ̀ẹ́sì la fi ń dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù, èmi àti Tọ́bí, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ Coolock, àmọ́ ìyẹn nìkan, Yorùbá la fi ń dá a lóhùn, nítorí pé ó dà bí eré. Láti ìgbà tí a ti dé Rush, Dádì kò kí wa bẹ́ẹ̀ mọ́. Á fi ìka kan páànù, á ní, “Ẹ kú òtútù,” á sì wọlé tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Mọ́mì kìlọ̀ títí nípa bàtà náà, ó sú u. Nígbà tí mo wá bi í pé kí ló dé tí Dádì kì í kí wa bó ṣe yẹ mọ́, ó ń fọ abọ́, kò gbójú sókè. Ó ní ẹnu bàbá mi kò tíì gbà á láti pe ibẹ̀ ní ilé ni.

Èèyàn dáadáa ni bàbá mi, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú tì í débi pé ìtìjú ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ nílò bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ nínú káráfáànù náà. Òun ló máa ń ran àwọn àlejò lọ́wọ́ nínú ìjọ wa, òun ló ń lọ pàdé wọn ní pápá ọkọ̀ òfurufú, òun ló ń bá wọn wá yàrá. Báwo ni yóò ṣe ní òun fúnra òun kò rílé gbé? Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe búrẹ́dì ló fún un ní ọ̀rọ̀ tó gbà á lọ́wọ́ ìtìjú. Ó sọ fún wọn pé inú káráfáànù lòun wà ní Rush, ọ̀kan nínú wọn sì gbá a lẹ́yìn, ó kí i kú akin, ó ní, “Camping, in this weather? Fair play to you.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Dádì. Ó gbé e wálé bí ẹran Kérésìmesì. Láti ọjọ́ náà, a kì í ṣe ẹni tí kò nílé mọ́, kám̀pù la wà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Pásítọ̀ wa bi Dádì pé kí ló dé tí wọn kò rí wa níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì. Dádì ní, “A wà ní kám̀pù, sà. Ní Rush.” Ẹ̀yin náà mọ ohun tí kám̀pù jẹ́ létí ọmọ ìjọ tó bá jẹ́ Yorùbá. Kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Ibi ààwẹ̀ ni, ibi àìsùn, ibi tí èèyàn máa ń lọ dojúlẹ̀ níwájú Ọlọ́run títí nǹkan fi máa yí padà. Ojú Pásítọ̀ tàn. Ó di Dádì lọ́wọ́ mú, ó ní nínú òtútù yìí, pẹ̀lú aboyún, pẹ̀lú àwọn ọmọ, Ọlọ́run á gbọ́. Mo ń wo ẹnu Dádì. Ó ṣí i bí ẹni tó fẹ́ ṣàlàyé, ohun tó jáde sì ni, “Àmín.”

Àmín yẹn ló ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà ni fóònù Mọ́mì kò sinmi mọ́. Ẹni kan ní ká rántí ọkọ òun tí kò rí físà gbà. Ẹni kan fẹ́ yege ìdánwò ọkọ̀ wíwà, ìgbà kẹta rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á fi orúkọ mi pè é, wọ́n á ní, “Mọ́mì Ṣadé, ẹ máa dárúkọ wa lókè níbẹ̀ o.” Kò sẹ́ni tó bèèrè bóyá a ní kúbùsù tó, nítorí pé ta ló ń gbé kúbùsù lọ bá ẹni tó wà nínú ààwẹ̀? Mọ́mì kò sì fi ṣeré. Ó ní ẹni tó bá ti ṣe àmín sí àdúrà ẹlòmíràn ti jẹ ẹ́ ní gbèsè. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kúnlẹ̀ ní alaalẹ́, ẹsẹ̀ wa wọnú ara wọn bí ẹja inú agolo, tí à ń gbàdúrà fún àwọn tí ilé wọn gbóná. Tọ́bí a máa fi ti ara rẹ̀ kún un, pé kí Ọlọ́run fún àwa náà ní ìgbà ooru.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wá wà láàrin àwọn òbí mi, bí wọ́n sì ti ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tó, kò síbi tí èèyàn lè sá sí tí kò ní gbọ́. Mọ́mì fẹ́ kí Dádì sọ òtítọ́ fún àwọn ará ìjọ, nítorí ó dá a lójú pé ẹnì kan nínú wọn kò ní ṣàì ní yàrá. Kò fẹ́ gbé ọmọ tuntun bọ̀ láti ọsíbítù wá sínú ibi tí omi ti ń dì nínú kọ́ọ̀pù. Dádì ní ká ní sùúrù, ilé Balbriggan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i, bí ilé bá dé, kò ní sí ohun tí a fẹ́ sọ mọ́. Mọ́mì lè tú àṣírí náà fúnra rẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo dàgbà, mo bi í pé kí ló dá a dúró. Ó ní bí òun bá sọ ọ́, òun á rí yàrá, ṣùgbọ́n òun lè má rí ọkọ òun mọ́ bí òun ṣe mọ̀ ọ́n. Nígbà náà, ohun tí mo gbọ́ kò ju gbólóhùn kan lọ.

“Bàbá Ṣadé,” ó ní, “ọmọ ò ní dúró de ilé.”

Dádì mú ìgò epo pupa lórí tábìlì, ó lọ fi sábẹ́ irọ̀rí rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí Ọlọ́run fi ṣe wá. Ọkọ tí kò rí físà gbà, ó rí i gbà. Ìyàwó rẹ̀ dìde jẹ́rìí nínú ìjọ, ó sunkún, ó ní àwọn kan wà nínú yìnyín ní Rush tí wọ́n dúró fún òun. Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà náà jẹ́rìí. Àwọn èèyàn wá ń wo Dádì bí ẹni ń wo wòlíì, òun náà sì ń wo ilẹ̀. Ayọ̀ àwọn ẹ̀rí wọ̀nyẹn ló tú àṣírí wa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ilẹ̀ funfun láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé òpin oko, ewé kábéèjì le gbagidi. Dádì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni. Mọ́mì fẹ́ gbé àkàmù kaná, sítóòfù kọ̀, kò tanná. Dádì gbé sílíńdà jáde, ó mì ín, ó dà á ní ìdàkejì bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé bí gáàsì bá fẹ́ tán. Kò tán, ó wúwo. Ọmọ Mìsís Nóra tó ń kọjá lọ ló ṣàlàyé fún un pé irú gáàsì yẹn kì í ṣiṣẹ́ nínú òtútù tó tó báyìí, pé sílíńdà pupa ló yẹ wá. Mọ́mì tó wọ súẹ́tà mẹ́ta yọjú, ó ní gáàsì gan-an ti wọ ààwẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó di ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mú, ó ń mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn ni mọ́tò mẹ́ta rọra yà wọ àgbàlá.

Pásítọ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, Bíbélì lábẹ́ apá. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ rí físà gbà tẹ̀ lé e, pẹ̀lú àwọn mìíràn tí wọ́n wé gèlè lé orí fìlà. Mọ́mì Coolock ló bọ́ sílẹ̀ gbẹ̀yìn, ìyá àgbà inú ìjọ wa tó ń dáná nílé àwọn arúgbó, tí gbogbo èèyàn ń fi orúkọ àdúgbò rẹ̀ pè. Wọ́n ní àwọn wá dara pọ̀ mọ́ wa. Pásítọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Rush tẹ́jú pẹrẹsẹ, èèyàn lè dúró sẹ́nu ọ̀nà wa rí òkun.

“Bùrọ̀dá Kúnlé, ẹ kú ìdúróṣinṣin o,” ó ní fún Dádì. “Níbo ni òkè àdúrà náà wà?”

Èmi náà wò yíká, bóyá ó wà níbì kan. Tọ́bí tó fẹ́ràn láti ran àlejò lọ́wọ́ ló dá a lóhùn. “There's no mountain here,” ó ní. “It's only cabbage.”

Dádì dúró síbẹ̀, ó gbé sílíńdà mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Ó wo Mọ́mì. Mọ́mì kò ràn án lọ́wọ́, kò sì yọ ojú kúrò lára rẹ̀, ó kàn ń wò ó ni. Mo mọ̀ pé bí ó bá tún ṣe àmín, ibẹ̀ ni wọ́n máa gbé àbúrò mi wá. Ó gbé sílíńdà sílẹ̀.

“Ẹ má bínú, sà,” ó ní. “Kò sí òkè. Ibí yìí là ń gbé. A ò rílé.”

Pásítọ̀ wo káráfáànù, ó wo ìbọ̀sẹ̀ wa tó le bí ẹja gbígbẹ lórí okùn, ó wo ikùn Mọ́mì. Ojú tì mí dé egungun. Mọ́mì Coolock ló kọ́kọ́ rìn. Ó gbé Bíbélì rẹ̀ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dé ìdí àtẹ̀gùn wa, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì lórí yìnyín. Ó fi ìbọ̀sẹ̀ lásán gun àtẹ̀gùn, ó yọ orí wọlé, ó ní, “Ẹ kú ilé o.”

Kò sí ẹni tó tíì kí wa bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti débẹ̀. Mọ́mì ní, “Ẹ káàbọ̀, mà,” ó sì bú sẹ́kún. Ó sunkún tó, ó sunkún bí ọmọdé, Mọ́mì Coolock sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó gbé orí rẹ̀ lé àyà. Àwọn tó kù rọ́ wọlé títí káráfáànù fi ń mì, Pásítọ̀ forí sọ àjà lẹ́ẹ̀mejì. Mọ́mì Coolock wá kọjú sí Dádì. Ó ní kó wá gbọ́, ṣé òun náà ló ń tọrọ físà fún àwọn tó ní hítà, tó sì ń sùn nínú fíríìjì? Ó ní yàrá òkè nílé òun ti ṣófo láti ìgbà tí ọmọ òun ti lọ sí yunifásítì. Dádì bẹ̀rẹ̀ sí í ní kò burú, mà, a ò fẹ́ da yín láàmú. Mọ́mì Coolock ní kó dákẹ́, pé kì í ṣe Dádì lòun ń bá sọ̀rọ̀, ọmọ inú ni.

Coolock la kó lọ ní ọjọ́ kejì. Ibẹ̀ ni wọ́n bí àbúrò mi obìnrin sí kí oṣù náà tó parí, ibẹ̀ náà la wà títí ilé Balbriggan fi bọ́ sí i nígbà ìrúwé. Nígbà tí wọ́n bi Ìyá Àgbà léèrè orúkọ tí yóò sọ ọmọ, ó ní ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ, kí wọ́n sọ òtítọ́ fún òun, ilé wo ni wọ́n wà? Dádì sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí fóònù, láti Rush dé Coolock. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ tán, ó ní Ilésanmí ni. Ilésanmí ti ń wa ọkọ̀ báyìí, ohùn Dublin rẹ̀ sì le ju tèmi lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ Sátidé yẹn ni mo máa ń padà sí, kí a tó kó ẹrù. Dádì àti Pásítọ̀ ti lọ wá sílíńdà pupa, nítorí Mọ́mì ní òun kò ní kúrò níbẹ̀ láìjẹun. Àwọn obìnrin ń ṣa aṣọ wa, wọ́n ń bá Mìsís Nóra mu tíì, mo sì ń nu fèrèsé bí mo ṣe máa ń nù ún. Mo rí Dádì tó ń bọ̀ lórí koríko funfun, ó gbé sílíńdà léjìká. Kò fi ìka kan páànù. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó sì fi ohùn ńlá tí n kò gbọ́ láti Coolock kí wa.

“Ẹ kú ilé o.”

Èmi ni mo kọ́kọ́ dáhùn, kí ẹnikẹ́ni tó lanu. “Ẹ káàbọ̀, sà.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọlé.